Tísà Tó Dákẹ́ Títí Wọ́n Fi Gé Mọ́tò Ìyá Beatrice

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ojú ń ti ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, ojú sì ń ti èmi náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́.

1.
Olúbọ̀wálé ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkóta. Jakande Estate ní Ìsọlọ̀ ló ń gbé, Tísà sì ni gbogbo wa ń pè é. Bí ìwé kan bá le, ẹ gbé e fún Tísà. Bí ìjọba bá sọ̀rọ̀, ẹ bi Tísà. Ó dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, nípàdé àwa ará ẹ́sítéètì, ẹnì kan ń ráhùn nípa àwọn ògbólógbòó mọ́tò tó ń rú èéfín. Tísà dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó gbọ́ ọkùnrin kan lórí rédíò tó ń sọ pé ó yẹ kí ìjọba máa gba mọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́ aráàlú, kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n sì bá onítọ̀hún dá sí owó mọ́tò tuntun. "Ó yẹ kí ìjọba" ni ọkùnrin náà wí. Nígbà tó fi máa jáde lẹ́nu Tísà, ó ti di "Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀."

"Ọrọ̀ ajé wa máa gbérí," ló wí. "Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò á ríṣẹ́ ṣe, epo tí à ń jó á dín kù."

Súnkànmí, mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Àfà, nawọ́ sókè. "Tísà, ẹ má bínú. Ilé iṣẹ́ yẹn, ṣé ìlú wa ló wà? Tó bá jẹ́ òkè òkun la ti máa ra tuntun, ṣebí àwọn ará ibẹ̀ la wáṣẹ́ fún. Mọ́tò tó ṣì ń rìn, ká fọ́ ọ? Èmi àti rìwáyà tó ń tún wáyà iná mọ́tò ṣe àti àwọn tó ń ta pààtì mọ́tò, kí la máa jẹ?"

Ìbéèrè gidi ni. Tísà ò fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa.

"Súnkànmí, fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀ fún ẹni tó kà á. Sípánà ni tìrẹ."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Súnkànmí jókòó.

2.
Lẹ́yìn ìpàdé, Ìyá Beatrice bá Tísà lẹ́nu ọ̀nà. Opó ni, ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Mọ́tò àtijọ́ kan ló fi ń kó búrẹ́dì lọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Òkóta. Gíà mọ́tò náà ti ń ṣe ségesège, Súnkànmí sì ń bá a wá òmíràn.

"Tísà, ṣé ó dá ẹ lójú? Mọ́tò yìí ni mo fi ń jẹun o."

"Ó dá mi lójú dáadáa, mà. Ẹ má náwó sí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn onírin tó ń ra àlòkù mọ́tò gé e, kí wọ́n fún yín ní rìsíìtì. Rìsíìtì yẹn lẹ máa mú lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Oṣòdì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ rìsíìtì yẹn ò sí lórí rédíò. Tísà ló hùmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má bàa dà bí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

3.
Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Tiwátọ́pẹ́ ìyàwó rẹ̀ rí ètò rédíò náà lórí fóònù. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ tán.

"Bàbá Ethan, àbá lásán ni o! Kò sí ètò kankan. Ẹ tètè lọ sọ fún Ìyá Beatrice."

"Màá sọ fún un."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba iwájú ilé obìnrin náà kọjá. Mọ́tò ṣì wà níbẹ̀ lódindi. Ìyá Beatrice ń kó àwọn páálí búrẹ́dì jáde nínú rẹ̀.

"Tísà! Ọ̀la làwọn onírin ń bọ̀. O ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ ẹ tọ́jú ẹ."

Tísà la ẹnu. Ó rántí Súnkànmí, ó rántí ẹ̀rín tá a rín. Báwo ló ṣe máa wá jẹ́wọ́ lójú mẹkáníìkì tó fi ṣẹ̀sín pé òun ṣì í sọ?

"Àmín, mà," ló wí, ó sì gba ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Nígbà tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ojú ibi tí epo ti kán sílẹ̀ àti àfọ́kù gíláàsì ló bá níwájú ilé Ìyá Beatrice.

4.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá Beatrice mú rìsíìtì lọ sí Oṣòdì. Lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, ta ló sọ fún yín? Kò sí irú ẹ̀ níbí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ Márúwá kó búrẹ́dì. Búrẹ́dì ń rún, ó sì ń pẹ́ dé. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù wá ẹlòmíràn. Kò pé oṣù méjì tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá ń palẹ̀ mọ́ láti padà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ó wá dágbére fún wa nípàdé. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní àṣìṣe ni, kò sẹ́ni tó ti òun. Ibẹ̀ ni Tísà ti dìde.

"Mà, mo ti mọ̀ kí wọ́n tó gé e."

Ìyá Beatrice yíjú sí i.

"Ọjọ́ tí mò ń kó páálí búrẹ́dì, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, mà."

"Mo sì gbàdúrà fún ẹ lọ́jọ́ yẹn."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Súnkànmí nìkan ló dìde tẹ̀ lé e, láti bá a gbé ẹrù. Àwa tó kù ò lè gbójú sókè wo ara wa.

Ẹ gbọ́ o. Bí ìjọba bá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wá lọ́la, ẹ béèrè ta ló máa ṣe mọ́tò tuntun, iṣẹ́ ta ló sì máa bọ́. Ẹ má fi ẹni tó béèrè ṣẹ̀sín. Ìwọ tí wọ́n sì ń pè ní ọ̀mọ̀wé, tó o bá ti ṣì í sọ, sáré padà lọ wí pé o ṣì í sọ, kí ojú tì ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni Tísà sá fún. Ìyá Beatrice ti lọ, ẹlòmíràn ti gba ilé rẹ̀, síbẹ̀ Tísà ò lè gba iwájú ibẹ̀ kọjá mọ́.