Ṣẹ́ẹ̀tì Tó Mọ́

Agbẹjọ́rò ìjọba yí ṣẹ́ẹ̀tì náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ẹ̀jẹ̀ olóògbé, ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní, ti pòórá. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú. Wọ́n tiẹ̀ ti lọ̀ ọ́.

Ó kọjú sí ọlọ́pàá tó ń tọ́jú ẹ̀rí.

"Mo fọ̀ ọ́ ni, mà. Ó ń rùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe máa gbé e wá síwájú adájọ́?"

"O da iṣẹ́ ọdún méjì sómi ọṣẹ!"

"Ọṣẹ aṣọ òde mi ni mo lò, mà."

Adájọ́ mí kanlẹ̀, ó dá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn sílẹ̀.

Ọkùnrin náà, tó ti ń búra látàárọ̀ pé òun ò rí ṣẹ́ẹ̀tì náà rí, nawọ́ sí ọlọ́pàá.

"Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Ẹ fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì mi."