Ṣàfíù Tó Dijú Mọ́ Àna Rẹ̀

Àṣehàn ni àrùn tó ń ṣe Ṣàfíù. Bí ó bá ra bàtà, gbogbo Ìwó ni yóò gbọ́. Bí ó bá gba ààwẹ̀, á rìn gba ojúde gbogbo ilé kí wọ́n lè rí ètè rẹ̀ tó gbẹ.

Fóònù ló ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ọjà. Nígbà tí Àǹtí Jemimah, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní àṣàrò àwọn ẹlẹ́sìn Búdà nínú gbọ̀ngàn àdúgbò, Ṣàfíù náà lọ. Àǹtí kò ní kí ẹnikẹ́ni pa ẹ̀sìn rẹ̀ tì. Ó kàn ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n máa kíyè sí bí èémí wọn ṣe ń wọlé tó ń jáde, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó sì kìlọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá kí wọn, kí wọ́n lajú dáhùn.

Ṣàfíù kò dúró gbọ́ ìyẹn. Kò pẹ́ tó fi tẹ́ ẹní síwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ á ti rí i dáadáa. Á ká ẹsẹ̀ kò, á dijú. Bí wọ́n bá kí i, á kàn gbé ìka kan sókè. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń pè é ní ẹni Ọlọ́run, orí rẹ̀ sì ń wú.

Lásìkò yìí, ó ń tọrọ Halimah, ọmọ tó fẹ́ràn bí ojú. Àwọn òbí ọmọ náà ti gbà. Ó ku Bàbá Mùbárákù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà ní Olúpọ̀nnà, tí kì í fa ọmọ lé ọkùnrin lọ́wọ́ láìtíì rí i níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Halimah sọ fún un pé, “Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀. Jọ̀ọ́, kí wọn dáadáa. Ọ̀rọ̀ wọn ni abẹ gé.”

Ṣàfíù rẹ́rìn-ín. Gbogbo àna ló ń dọ̀bálẹ̀, ó rò ó nínú ara rẹ̀, ta ló ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ tòun?

Bàbá dé, wọ́n ṣe sálámọ̀. Ṣàfíù gbọ́, ṣùgbọ́n èrò ń wò ó, kò sì mira. Bàbá tún un ṣe. Adùnọlá tó ń ta gààrí lódìkejì pe orúkọ rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó dáhùn. Ńṣe ló tún mí kanlẹ̀. Bàbá kò bínú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kàn án níwájú orí, wọ́n ní ó jọ pé ara ọmọkùnrin náà kò yá, kí Adùnọlá bá wọn wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé e lọ sọ́sípítù.

Bí fóònù ṣe dún nìyẹn. Ṣàfíù la ojú kan, ó wo ẹni tó ń pè, ó gbé e sétí. “Oníbàárà mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo wà nínú àṣàrò.”

Bàbá nàró. Wọ́n yíjú sí Adùnọlá, wọ́n ní, “A dúpẹ́, ara rẹ̀ le. Ó ń gbọ́. Tiwa ni kò kàn fẹ́ gbọ́.” Wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n lọ.

Ṣàfíù fò dìde láti lé wọn, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ká jọ ti kú. Ó ṣubú gbalaja. Ìgbà tí bàbá ti lọ tán ló wá dọ̀bálẹ̀. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

Ó kó àgbààgbà lọ sí Olúpọ̀nnà lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá dárí jì í, wọ́n fún un lóúnjẹ, wọn kò sì fún un lọ́mọ. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹni tí Halimah bá ń ké sí gbọ́dọ̀ lè dá a lóhùn.” Halimah sunkún, ṣùgbọ́n kò bá a bẹ̀bẹ̀. Ó fẹ́ Fàtáì, tíṣà kan ní Ilé-Ogbó. Ṣàfíù gbọ́ pé wọ́n ti so yìgì, ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó lọ dá sunkún nínú ilé tó ti kùn sílẹ̀ de ìyàwó.

Ẹ̀yin èwe wa, ẹ má dá àṣàrò lẹ́bi. Àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe é, ara tù wọ́n. Àṣehàn ni kí ẹ sá fún. Ìwà rere tí a bá ń hù kí ayé lè rí wa kì í jẹ́ kí àwa fúnra wa rí ẹni tó dúró níwájú wa. Bí ènìyàn bá kí yín, ẹ dáhùn. Kò sí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀kọ́ kankan tó ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.