Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Fa Ẹ̀gún Òòrẹ̀ Tu

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Òòrẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún.

Apani kan ń pa àwọn ẹranko létí odò. Kìnnìún ọba pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ sétí Ayékòótọ́ yóò pàdánù ohun ìjà rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ayékòótọ́ ké orúkọ Òòrẹ̀, tí ẹnìkan ti sọ sí i létí. Ọ̀bọ, tí kì í bi òfin léèrè, gbé ẹ̀mú dé láti fa ẹ̀gún rẹ̀ tu.

Òòrẹ̀ fi orin bẹ̀bẹ̀:
“Kábíyèsí, ẹ gbọ́ tẹnu mi o!”
Gbogbo ẹranko gbè é: “Kéréǹdìn!”

“Òfin mi ò gba àròyé,” ni Kìnnìún wí.

Òòrẹ̀ bá sọ orúkọ kan sétí Ayékòótọ́.

“Kìnnìún!” ni Ayékòótọ́ ké.

Ọ̀bọ kọjú ẹ̀mú sí eyín ọba.

“Ọ̀bọ, ṣé orí ẹ dàrú ni?” ni Kìnnìún kígbe. “Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi o!”

“Kéréǹdìn!” ni gbogbo ẹranko gbè é.

Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ẹjọ́ oníkálukú tán, Ìkookò ni wọ́n rí pé ó jẹ́ apani etí odò náà, eyín tirẹ̀ nìkan ló sì bọ́.