Kọ̀ǹpútà Tó Ń Tan Fúnra Ẹ̀

Atúnkọ̀ǹpútàṣe ń fi páwà páàkì tó ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà padà sínú ẹ̀. "Màmá, iná ẹ̀ dára. Ṣé òótọ́ ló ń tan fúnra ẹ̀?"

"Aago mẹ́rin géérégé, lójoojúmọ́, látọjọ́ tí ọmọ mi ti lọ sọ́sibítù tí kò padà wálé. Kó tó tan tán ni mo ti máa ń pa á. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnì kan ló ṣètò ẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó gba ohùn sí i: 'Màámi, ṣé ẹ ti lo oògùn?' Mo ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́."

Ìyá náà dìde. Ó bu omi, ó lo oògùn, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

Aago mẹ́rin lù. Kọ̀ǹpútà ò tan.

"Mo ti lò ó, ọmọ mi," ló dá a lóhùn.