Nígbà Tí Ẹ̀rọ Dákẹ́

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun na ìka sí bẹ́ńṣì tó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ ti fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín o! Kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ mọ́. Ètò ìlera yín yìí mà yọrí o!”

Nọ́ọ̀sì ò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń gbé ètò náà kalẹ̀, ilé iṣẹ́ ṣèlérí fún un pé ẹni tí eruku ìyẹ̀fun bá ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ yóò lọ ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí eruku. Àmọ́ àwọn aláìsàn tó kọ́kọ́ mú lọ bá ọ̀gá, ṣe ni wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, ara gbogbo òṣìṣẹ́ ti le. Ọkọ rẹ̀ tó ń gbé àpò lẹ́bàá ẹ̀rọ pàápàá, ara tiẹ̀ náà le koko.

Lónìí, nọ́ọ̀sì ti pinnu láti sọ òótọ́ fún ọ̀gá lójúkojú.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ńṣì tẹ́ ẹ rí yẹn—”

Iná lọ. Ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ ọkà dákẹ́ lójijì, ikọ́ sì gba gbogbo ilé kan. Abẹ́ ariwo ẹ̀rọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wú u, wọn ò sì tètè rí i gbé mì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọlẹ̀, títí ó fi ku ẹyọ ọ̀kan ṣoṣo, èyí tó jìn, tó ń fà, tí kò fẹ́ tán. Nọ́ọ̀sì dá a mọ̀ bó ṣe dá ohùn ọkọ rẹ̀ mọ̀.

Ọ̀gá àgbà dẹtí. “Ta nìyẹn?”

Nọ́ọ̀sì ti sáré dé ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ tan jẹnẹrétọ̀!” ló ń pariwo. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè tan án!”