Ọ̀gá Rẹsipọnsábù

Ẹ má pe Jérémie ní Jérémie o.

Rẹsipọnsábù ni kí ẹ máa pè é. Òun ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ ọjà ní Bantè. Oyè ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ní Savalou ló wọ̀ láàárọ̀ yìí. Agbádá ń gbálẹ̀, ó ń fi ìgúnpá ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àga iwájú ló fìdí lé.

"Rẹsipọnsábù, ẹ kú àárọ̀," ni Moufida kí i látẹ̀yìn.

Jérémie wò ó bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀. "Ìwọ yìí náà? Ṣebí mo ti ní ilé iṣẹ́ wa ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan?"

Obìnrin aláṣọ dúdú kan jókòó síwájú, ó fi Faransé bèèrè: "Ta ni rẹsipọnsábù?"

Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jérémie fà á láṣọ. Jérémie já aṣọ rẹ̀ gbà, ó fò dìde.

"Èmi ni! Èmi nìkan ṣoṣo!"

Ọkùnrin náà, lọ́yà rẹ̀, fọwọ́ bojú.

"Ẹ ṣeun," ni adájọ́ wí. "Lọ́dọ̀ yín, ọ̀gá ni rẹsipọnsábù. Nínú kóòtù, ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀ ni."

Moufida fọwọ́ pa ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un lẹ́yìn tí òrùlé ọjà tí ilé iṣẹ́ Jérémie kọ́ sí Akpassi wó lù ú.

"Rẹsipọnsábù," ló wí, "ẹ kú oríire."