Ohun Tí Téèpù Télọ̀ Kò Wọ̀n

Télọ̀ ń gé aṣọ funfun. Kò fọwọ́ kan téèpù ọrùn rẹ̀. Ó ti mọ ìbàdí àbúrò rẹ̀ sórí.

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sanra kún àga.

Nítorí ọ̀rá yẹn ni wọ́n ṣe lọ rí dókítà lóṣù tó kọjá. Ẹ̀rù ń ba télọ̀ pé yóò dí i lọ́kàn pa.

Àbúrò rẹ̀, tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ló fi ọkọ̀ gbé wọn lọ.

"Ìyàwó wa, ẹ rọra jókòó. Táyà mi ń sunkún."

"Ọkọ mi, ẹ ṣàánú mi."

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò séwu.

"Ọ̀rá náà níṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ rọ̀, tó sì ń dáàbò bo ọkàn. Èròjà yẹn ṣì pọ̀ lára màmá. Àwọn tín-ín-rín kan wà tí tiwọn kò tó. Ẹ jẹ́ ká yẹ àbúrò yín náà wò."

"Kí lẹ fẹ́ rí lára igi gbígbẹ?" ni àbúrò wí.

Télọ̀ fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà, kò tó ti ọmọge. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n lọ.

Lónìí, télọ̀ rán aṣọ funfun náà tán, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìyàwó gba ṣòkòtò funfun náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i padà.

"Bàbá wọn, ẹ gbàgbé àpò."

"Mi ò gbàgbé. Ta ló fẹ́ kọwọ́ bọ̀ ọ́?"

Ìyàwó rọra ká a. Ọkàn àbúrò ti daṣẹ́ sílẹ̀; mọ́ṣúárì ní kí wọ́n mú aṣọ rẹ̀ wá kí ọ̀sán tó pọ́n.